Halóò, Ẹ̀gbẹ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi gun òpó wáyà,
láti Kàbà dé Mọ̀pà, Mọ̀pà dé Ìsánlú,
Ìsánlú dé Odò-Ẹrẹ̀, kí láìnì tó parí sí Ẹ̀gbẹ̀.
Tọlọ́runjù Oníwáyà.
Bí ìjì bá wó igi lu okùn lóru,
ilẹ̀ ò ní mọ́ bá a nílé.
Ó máa ń sọ fún wa pé:
"Ibi tó jìnnà jù ni ohùn ti kọ́kọ́ ń kú.
Bí Ẹ̀gbẹ̀ bá dákẹ́, ẹ má bá Ẹ̀gbẹ̀ jà.
Ẹ tọ okùn padà."

Síbẹ̀, nígbà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dákẹ́,
kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ó ní bàtà ló fún.
Ó ní ilẹ̀ oko kọfí ló tutù.
Lẹ́yìn náà, àtẹ́lẹsẹ̀: bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kò sí níbẹ̀.
Lóru, ìbọ̀sẹ̀ náà a gbiná.
Aṣọ ìbora kàn án lẹ́sẹ̀, ó figbe ta,
èmi tí mo wà ní yàrá kejì rò pé olè ló wọlé.
Irú ẹsẹ̀ wo rèé, tí kò mọ òkúta, tó wá mọ aṣọ?

Bùrọ̀dá Ayédọgbọ́n ní ó tẹ nǹkan ni,
ó tilẹ̀ dárúkọ ẹni tó gbé e sílẹ̀.
Bàbá kò dáhùn.
Ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn, ó na ẹsẹ̀ sí ìdí ààrò,
títí ìyá mi fi béèrè pé, "Ta ló ń sun awọ?"
Àtàǹpàkò rẹ̀ ni.
Ó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já lágbede méjì.

Ẹ̀gbẹ̀ náà la gbé e lọ, sí ilé ìwòsàn.
Dókítà obìnrin kan, ọmọ Ìyàrà, tí ohùn rẹ̀ kò ròkè,
lu irin ẹlẹ́ka méjì, ó gbé e lé e lọ́rùn ẹsẹ̀.
"Ṣé ó ń gbọ̀n?"
"Kí ló ń gbọ̀n?"
Ó gbé e lé orúnkún. "Hẹn-ẹn. Òun nìyẹn."
Ó ní kó dijú, ó mú fọ́nrán ọ̀rá kan, ó ń fi tọ́ ọ lẹ́sẹ̀.
Bàbá ń retí kó bẹ̀rẹ̀;
obìnrin náà ti ṣe tán.

"Bàbá, kì í ṣe okùn kan ló bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ni,
lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Èyí tó gùn jù ló kọ́kọ́ lọ.
Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ wọ́n, ó sì ti pẹ́."
Bàbá gbójú sókè.
Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún náà
ẹnìkan ń bá a sọ èdè tó gbọ́.
"Ẹ tọ okùn padà, àbí?"
Obìnrin náà ò mọ ohun tó ń wí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò parọ́ fún un. Ó ní èyí tó kù la fẹ́ gbà sílẹ̀.
Oògùn ṣúgà láàárọ̀,
kékeré kan lálẹ́ tó ń bomi paná ẹsẹ̀.
Ọtí ọkà, rárá. (Bàbá wo fèrèsé.)
Kó má fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ mọ́,
kí ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò kí ẹsẹ̀ tó wọ̀ ọ́,
kí ẹnìkan máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́.

Èmi ni ẹnìkan náà.
Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú iná fóònù,
mò ń ya ìka kúrò lára ìka,
mò ń wá ẹ̀gún, mò ń wá ìléròrò,
mò ń wá ohun tí kò lè dùn ún.
"Halóò, Ẹ̀gbẹ̀?" ni yóò wí.
Mo tẹ àtàǹpàkò. "Okun o, Bàbá."
Okun la fi ń kí ara wa níhìn-ín,
okun, kì í ṣe okùn,
ṣùgbọ́n lálẹ́ báyìí, ta ló lè yà wọ́n?

Lánàá, ó gbọ́wọ́ sókè kí n dákẹ́.
Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó pẹ́.
"Ẹnìkan wà níbẹ̀," ló wí.
"Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ.
Má tíì gbé e sílẹ̀."